Ìyá Alágbọn àti Èènì Orí Mẹ́wàá

Bí àlejò bá dé ìsàlẹ̀ Àgbádárìgì tó sì béèrè ilé Ganiyat, àwọn ará àdúgbò á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Ganiyat wo? Ṣùgbọ́n bó bá béèrè ilé Ìyá Alágbọn, ọmọ ọdún mẹ́ta lè mú un dé ẹnu ọ̀nà, torí pé àfàìmọ̀ kí ọmọ náà má jẹ́ ará ilé ọ̀hún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń gbà kọjá, àti àgbàlá tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ganiyat kò fẹ́ràn ìdọ̀tí, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ìgbálẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lánàá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni kó wà lónìí.

Àgbọn ni ìyá rẹ̀ tà, àgbọn ni òun náà tà. Láti ìgbà tí ọrùn rẹ̀ ti lè ru apẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí àwọn abúlé etí òkun, níbi tí igi àgbọn ti tò lọ bẹẹrẹbẹ títí ojú kò fi rí òpin wọn. Wọ́n á ra àgbọn níbẹ̀, wọ́n á kó o wá sí ìlú, wọ́n á máa tà á fún àwọn oníbàárà ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní ìdílé wọn, kò sí ẹni tó jẹ́ ta mẹ́wàá lásán. Bí ẹnu bá ti ka ẹ̀wá, ọwọ́ á mú ọ̀kan sí i, á gbé e lé òkè, ẹnu á sì dákẹ́. Èènì nìyẹn. A kì í kà á, a kì í sì í gbàgbé rẹ̀. Ìyá Ganiyat a máa sọ pé mẹ́wàá tí kò ní èènì, mẹ́wàá ahun ni, oníbàárà tó bá sì rù ú lọ kò ní padà wá.

Ọdún 1974 ni nǹkan yí padà. Ganiyat ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tútù, ó sì ṣubú sáàárín ọkọ̀ àti òkúta. Ẹni tó mọ eegun tò tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ kò gba ẹrù rírù mọ́. Ẹni tí kì í jókòó rí wá di ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo ọ̀nà.

Ohun tó ń wò lọ́nà kò kéré. Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń fẹ́ káàkiri ilẹ̀ bí ọyẹ́. Wọ́n ń la ọ̀nà ọlọ́dà ńlá láti Èkó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì sinmi. Ọkọ̀ Tàjùdíìnì, ọkọ Ganiyat, wà lára wọn. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i ni àwọn obìnrin ń dìde kúrò nílé. Àwọn kan ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu, àwọn kan ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, àwọn ìyá àgbà tí à bá gbé ọmọ tì náà ti gba ìsọ̀ sí etí títì.

Obìnrin ilé kejì ló kọ́kọ́ gbé ọmọ wá. Ó ní, "Ẹ bá mi wo Táíwò, wákàtí kan péré ni." Wákàtí kan náà di ọjọ́ kan, ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀, Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé Táíwò wá. Kí ààwẹ̀ ọdún náà tó wọlé, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló ń ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ganiyat.

Àwọn ará ìlú ń pe irú ibẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Tàjùdíìnì ní òun kò gbà.

"Ilé àwọn ẹlòmíràn ló ń sinmi," ló wí, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. "Tèmi ti di èbúté."

"Ẹ rọra, Bàbá Shamsu, ẹ fẹ́ tẹ ọwọ́ ọmọ."

"Ọmọ ta tún nìyí? Èyí kò sí níbí lánàá!"

"Ó wà níbí lánàá. Ẹ̀yin lẹ ò sí nílé."

Ganiyat kò ka ìwé. Ilé kéú nìkan ló lọ, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ètò. Bí ọmọ bá dé, á bọ́ bàtà, á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tọ̀tún tòsì. Á bọ́jú. Á mu ẹ̀kọ gbígbóná, á jẹ àkàrà. Bí wọ́n bá fẹ́ mu omi, èyí tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ mu, èyí tó dàgbà jù ló ń gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á jókòó ka nǹkan. Èèpo àgbọn ni wọ́n ń kà, èyí tó ti gé wẹ́wẹ́, tó sì ti fi yanrìn ha títí wọ́n fi ń dán bí ẹyọ owó tuntun.

Ó tún ní ọgbọ́n kan tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá tó bá fẹ́ mú ọmọ wá gbọ́dọ̀ mú ìrépé kan wá láti ara ògbólógbòó ìró rẹ̀. Ganiyat á rán an mọ́ igun ẹní tí ọmọ náà ń sùn lé. Bí oorun bá ń kun ọmọ tó sì ń sunkún ìyá rẹ̀, á fi imú kan ìrépé náà, á gbóòórùn ìyá rẹ̀, á sì sùn.

Ọ̀pọ̀ ìyá kò ṣe wàhálà lórí èyí, àyàfi Dosi. Dosi jẹ́ obìnrin Ègùn tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ máa ń bá àwọn apẹja lọ fún oṣù méjì mẹ́ta. Nígbà tí Dosi mú ọmọbìnrin rẹ̀, Sewanu, wá, tó gbọ́ pé wọ́n ń béèrè aṣọ, ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra.

"Aṣọ ara mi kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọ ni yóò fi sùn."

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í já aṣọ ara ẹni fún èèyàn."

Ganiyat gbé Sewanu lé itan. Ó ní, "Dosi, bí mo bá fẹ́ ṣe ọ́ níbi, ṣé ìrépé aṣọ ni màá béèrè? Odindi ọmọ rẹ lo gbé lé mi lọ́wọ́ yìí!"

Dosi wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀. Ó ya igun ìró náà níbẹ̀.

Ègùn nìkan ni Sewanu gbọ́ nígbà náà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á na ọwọ́ sí ìkòkò, á ké pé, "Sìn! Sìn!" Ganiyat tó ti ń bá àwọn atukọ̀ Ègùn kọjá ọ̀sà láti kékeré á dá a lóhùn pẹ̀lú Ègùn, á bu omi fún un, á wá fi Yorùbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín oṣù díẹ̀, Sewanu ti ń fi èdè méjèèjì jà fún àkàrà.

Báyìí ni ọdún ń yí. Lọ́dọọdún, Ganiyat máa ń to àwọn tó ti dàgbà nínú wọn, á ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí wọ́n fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ilé ìwé nìyẹn. Á fọ aṣọ wọn, á mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìbẹ̀rẹ̀kò, á dúró títí wọ́n á fi wọlé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1981 tí Sewanu náà fi ọwọ́ kan etí, ọmọ bí ọgọ́ta ló ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kì í fi wọ́n yangàn. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọjá lọ nínú aṣọ ilé ìwé, ó máa ń dá iṣẹ́ dúró kó lè wò ó tẹ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Sewanu wọ ilé ìwé, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Dosi já wọ àgbàlá. Èéfín ẹja ń rùn lára rẹ̀, ó fa Sewanu lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Ìyá Alágbọn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ́ ọmọ mi."

"Kí ló dé, Dosi? Jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Sewanu, ka mẹ́wàá fún Ìyá."

Sewanu kúnlẹ̀ ti abọ́ èèpo àgbọn. Ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá." Lẹ́yìn náà, láìsọ nǹkan kan, ó mú ọ̀kan sí i, ó gbé e lé orí àwọn yòókù, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

"Mélòó ni?" Dosi béèrè.

"Mẹ́wàá."

"Èyí tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

"Èènì ni. A kì í kà á."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa Ganiyat, torí pé bí ọmọ náà ṣe gbọn ọwọ́, bí òun gan-an ṣe máa ń gbọn tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Dosi kò rẹ́rìn-ín.

"Ojoojúmọ́ ni tíṣà ń ní kí wọ́n kó ìdérí ìgò mẹ́wàá wá, ojoojúmọ́ ni Sewanu ń kó ọ̀kan lé e. Wọ́n ní kó yọ ọ́ kúrò, ó ní rárá, òun kì í ṣe ahun! Kì í ṣe òun nìkan o. Safiyat ọmọ aláṣọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, Abdulhameed ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé yín ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ wọ́n ní Ọlọ́jà. Èmi ò mọ̀wé, Ìyá. Mo ní kí ọmọ tèmi mọ̀ ọ́n. Ṣé báyìí ló máa ṣe mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ganiyat gbé abọ́ náà sí iwájú ara rẹ̀. Ó kà á dé ẹ̀wá. Ọwọ́ rẹ̀ mú ọ̀kan sí i, ó gbé e lé òkè. Ó tú u ká, ó tún un kà, ó sì pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí òun á dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tún mú ọ̀kan. Ogójì ọdún ni ọwọ́ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì bi í kó tó ṣe é.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ ọ́ lára. Oúnjẹ, oorun, omi, ìyá èyíkéyìí lè fún ọmọ ní ìwọ̀nyí. Kíka nǹkan nìkan ni ohun tó jọ ti ilé ìwé tó ní lọ́wọ́, òun náà ló sì kọ́ wọn lọ́nà òdì. Ọmọ ọgọ́ta! Kò sùn dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ìyá wá kó ọmọ wọn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbọ́ òun.

"Láti ọjọ́ Mọ́ńdé, ẹ má mú wọn wá mọ́. Mi ò ní ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ mọ́."

Ariwo sọ. Ọ̀kan ní ṣé ara Ìyá kò yá ni, òmíràn ní ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Dosi tó gbé àbúrò Sewanu, Sagbo, sẹ́yìn, rọ́ wá síwájú.

"Ìyá, èmi ò ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn o! Inú ló bí mi!"

"Òótọ́ lo sọ, Dosi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ní irọ́ ni mo pa. Kí ni mo fẹ́ fi Sagbo ṣe?"

Ganiyat kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Tàjùdíìnì gbìyànjú ní ọjọ́ Àìkú. "Ìyá Shamsu, nítorí àgbọn kan ṣoṣo?"

"Àgbọn kan lórí mẹ́wàá, Bàbá Shamsu, fún ọgọ́ta ọmọ."

Ó mọ̀ pé bí ìyàwó òun bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí, kò sí ohun tí ẹnu lè ṣe sí i. Ó lọ nu ọkọ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdé, kò sí bàtà lẹ́bàá ògiri. Ganiyat gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ́ ju bó ṣe máa ń mọ́ lọ, mímọ́ náà kò sì dùn mọ́ ọn. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó wá rò ó pé bí òun kò bá tilẹ̀ gba ọmọ mọ́, ó yẹ kí òun lọ bẹ tíṣà kó má fi ẹ̀bi òun na àwọn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wé gèlè, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìbẹ̀rẹ̀kò lọ.

Ó gbọ́ kíláàsì náà kó tó rí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin gbọọrọ kan láti Ìjẹ̀bú, ló ń kọ́ wọn. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ọgọ́rin, àwọn kan wà lórí bẹ́ńṣì, àwọn kan wà nílẹ̀. Ọ̀kan rọ̀ mọ́ fèrèsé, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ọ̀kan ti fi ara lélẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní òun kò wọlé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ń làágùn bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú ìjì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọmọ yín dà?"

"N kò ní ọmọ níbí, Tíṣà. Èmi ni Ìyá Alágbọn. Èmi ni mo kọ́ wọn ní èènì."

Tíṣà wò ó. Ó gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìyí! Ọdún mẹ́rin ni ẹ ti ń fi èènì ránṣẹ́ sí mi!"

Ganiyat fẹ́ kúnlẹ̀. Tíṣà sáré dì í mú. "Áà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, màmá. Ẹ jókòó."

"Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ má nà wọ́n. Mo ti ti ilẹ̀kùn mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Tíṣà. "Ẹ ti kí ni?"

"Mo ti ní kí wọ́n má mú ọmọ wá mọ́."

Tíṣà fi ọwọ́ nu ojú, ó fi ìka tọ́ka sí ìkòkò omi tó wà ní igun kíláàsì. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, mo máa ń ní kí gbogbo wọn lọ mu omi. Wọ́n á ya lu ìkòkò, wọ́n á ti ara wọn ṣubú. Àwọn kan nínú wọn á dúró, wọ́n á ti èyí tó kéré jù síwájú. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ọmọ ilé yín, kí n tó ní kí wọ́n ka nǹkan kan."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, Tíṣà. Kí wọ́n má baà gbá ọmọ kékeré dànù ni."

"Wọn kì í sunkún. Wọ́n ti fi ìyá sílẹ̀ rí, wọ́n mọ̀ pé ìyá ń padà bọ̀. Èènì ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹkún tí ẹ ń gbọ́ yìí ń gbà mí ní odindi sáà kan. Èwo lẹ fẹ́ kí n máa bá fà?"

Ganiyat tẹjú mọ́ ọn. 

"Ọdún mẹ́rin, Tíṣà. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì wá sọ fún mi?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀ wolẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa bínú, mà."

"Mo bínú báyìí. Ká ní ẹ ti wá ni, ọmọ kankan kì bá tí jẹ́ Ọlọ́jà ní kíláàsì yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo jẹ̀bi."

"Ó dáa. Ẹ kọ́ ọwọ́ mi bó ṣe máa dúró."

Wọ́n wá àyè fún un lórí bẹ́ńṣì ní iwájú, láàárín Sewanu àti Safiyat. Tíṣà kó ìdérí ìgò sí iwájú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí òun bá ti pe ẹ̀wá, kí gbogbo ènìyàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí kíá, kí ọwọ́ má baà rí ọ̀nà mú nǹkan mìíràn. Gbogbo kíláàsì ń wò. Ọmọ tó rọ̀ mọ́ fèrèsé pàápàá dákẹ́ kó lè wò.

"Ẹ̀sán," Ganiyat kà. "Ẹ̀wá." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti na sí ìdérí kan.

"Ìyá! Orí! Orí!" Sewanu pariwo.

Ganiyat gbé ọwọ́ lé gèlè. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún un ṣe. Ní ìgbà kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orí fúnra rẹ̀, kò yà síbì kankan. Abdulhameed tó wà lẹ́yìn ní, "Wọ́n ti gbọ́n!" Tíṣà bá a wí, Ganiyat sì ní kó fi í sílẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Kò gba ọ̀nà ilé tààrà. Ó yà sí etí ọ̀sà, níbi tí Dosi ti ń yan ẹja. Iná ń jó lábẹ́ ààrò mẹ́ta, Dosi ń sáré láti ọ̀kan dé èkejì. Sagbo wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ọ̀já so ó ní ìdí mọ́ òpó kó má baà dé ibi iná, ó sì ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ta ló so ọmọ mi mọ́ òpó bí ewúrẹ́?"

Dosi yíjú. Èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ máa ṣomi. "Ọmọ yín kẹ̀? Ẹ ti lé wọn ní ọjọ́ Jímọ̀."

"Mo ti gbà wọ́n padà."

"Èènì ńkọ́?"

"Mo ti lọ ilé ìwé lórí ìyẹn. Ọmọ rẹ àgbà gan-an ló kọ́ mi. Sọ fún àwọn yòókù lọ́jà pé ilẹ̀kùn á ṣí lọ́la. Kí wọ́n tètè dé, n kò fẹ́ kí ẹ̀kọ tutù."

Dosi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó nawọ́ mú ẹja ńlá kan, ó ń wá ewé tó máa fi dì í. Ganiyat kò dúró gbà á. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tú ọ̀já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé Sagbo, nítorí náà ó na ìka kan sí i. Ọmọ náà dì í mú, wọ́n sì jọ ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lórí yanrìn. Sagbo ń fi Ègùn ro ẹjọ́ òpó náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, Ganiyat ń dá a lóhùn, ó ń ní ó dùn ún, ó dùn ún gan-an ni.